Ilẹ̀kùn Ọ̀gá Ààbò Kò Tíì Gbẹ

Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́lé rí ló mọ̀ pé irọ́ wà nínú iṣẹ́ káfíńtà bí ìṣó ṣe wà nínú rẹ̀. Bí káfíńtà bá ní kí o padà wá lọ́la, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò tíì ra pákó. Bí ó bá ní ó kù díẹ̀, a jẹ́ pé ó ti ra pákó, ó sì ti fi kan bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí ọ lókèèrè tó bú sẹ́rìn-ín, tó ní, "Ẹ máa pẹ́ láyé, orúkọ yín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè tán báyìí," rọra wá ibi jókòó sí. Ọjọ́ yẹn á gùn.

Ìyá Ilẹ̀kùn kì í pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá dá ni ilẹ̀kùn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, èyí sì ni ohun kan tí àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè dárí rẹ̀ jì í. Pé ó jẹ́ obìnrin, wọ́n ti fi ìyẹn lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Pé bàbá rẹ̀ kọ́ ọ níṣẹ́ ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ, wọ́n gba ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà máa dúró níwájú wọn kó máa wí pé, "Ìyá Ilẹ̀kùn kì í já mi kulẹ̀ báyìí," ìyẹn ti kọjá ohun tí ara lè gbà.

Ilẹ̀kùn nìkan ló ń ṣe. Kì í kan àga, kì í kan àpótí. Ìsọ̀ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri iwájú ilé wọn, òrùlé páànù lórí òpó igi, ìfági nílẹ̀ bí ẹní. Ní apá ọ̀tún ni ọkọ rẹ̀ ń jókòó sí. Akunlé ni ọkọ náà. Bí kò bá sí ilé láti kùn, òun ló ń fi pọ́líìṣì pa ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó á rẹ́ ẹ, á fá a, á kàn án. Ọkọ á kùn ún, á sì máa ròyìn bí òun ṣe kùn ún. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, ó sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ohun tí Ìyá Ilẹ̀kùn kò jẹ́ ṣe láé ni kó fi igi tútù ṣiṣẹ́. Bí pákó bá dé láti ilé ìlagi, á tò ó lérí ara wọn, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe àlàfo sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀ kọjá, á sì fi í sílẹ̀ títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Pákó tí wọn kò jẹ́ kó gbẹ, bó pẹ́ bó yá, á wọ́, á sì máa ha lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe ń tọ́jú pákó náà ló ń tọ́jú ìbínú. Kì í bínú lójú ẹsẹ̀. Á gbé e kalẹ̀, á fi àlàfo sí i, á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ọkùnrin kan ládùúgbò sọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń gbé ayùn kiri. Kò dá a lóhùn. Ọdún gorí ọdún. Ó lọ́kọ, ó bímọ. Lọ́jọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ kán sẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ọkùnrin náà nínú, tọṣẹ tọṣẹ lójú, wọ́n bá sáré wá pe Ìyá Ilẹ̀kùn. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó jókòó lé e lórí, ó fẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ sọ sí mi nígbà kan, mi ò rántí bó ṣe lọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un sọ." Ọkùnrin náà tún un sọ. Ó fi ẹ̀bẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ìgbà náà ni Ìyá Ilẹ̀kùn tó fọwọ́ kan òòlù.

Irú obìnrin tí Ọ̀gá Ààbò lọ ṣẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ààbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà nísàlẹ̀ òpópónà ni, torí òun ni ọ̀gá àgbà wọn, ààbò ló fi ń jí, ààbò ló fi ń sùn. Ó ní kí wọ́n gé igi tó ń ṣíji bo pápá ìṣeré, nítorí ààbò. Ó ní kí wọ́n kó bọ́ọ̀lù pamọ́, nítorí ààbò. Nígbà tí wọ́n wá ká ọmọkùnrin kan tó ń fa sìgá mọ́ ilé ìyàgbẹ́, ó ní kí wọ́n tú gbogbo ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò, tọkùnrin tobìnrin.

"Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́," ló wí, "kí ló fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe?"

Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀ kò kúrò o. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò rẹ̀. A ò mọ ohun tó ń fi pamọ́ níbẹ̀.

Ọ̀gá Ààbò kì í sì í fi nǹkan ṣòfò. Ọkùnrin kúkúrú ni. Bí ó bá dúró níwájú àpéjọ àárọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn máa ń rò pé kò wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n kan àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n tú náà pọ̀, kí wọ́n fi ṣe pèpéle. Láti ìgbà náà, ààràárọ̀ ló ń gun orí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ láti sọ̀rọ̀ nípa ààbò. Ẹni tó kàn án kò tilẹ̀ wá ọ̀dà pa ojú rẹ̀ rẹ́. ÀWỌN OBÌNRIN hàn gàdàgbà lára pèpéle náà, lẹ́tà funfun, lábẹ́ bàtà ọ̀gá.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Ilẹ̀kùn bí, ọmọbìnrin ni, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí láti kékeré ni kì í ti í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láìdá a lẹ́jọ́. Ó ti dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ó ti dá ìyá rẹ̀ láre lórí ọ̀rọ̀ rédíò. Ó ti pàṣẹ fún ológbò ilé kejì pé kò gbọdọ̀ wọ ìsọ̀ mọ́, ológbò náà sì pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó ń wọlé bó ṣe wù ú.

Nígbà tó yá, Adájọ́ dákẹ́. Kì í mu omi láàárọ̀ mọ́. Bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, á ju báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ìsọ̀, á sáré kọjá láìkí ẹnikẹ́ni, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ rò pé ìdàgbàsókè ni. Bàbá rẹ̀ ní ìwà ìyá rẹ̀ ló ń yọ. Àfi ọjọ́ tí ibà gbé ọmọ dè, tó ń di abẹ́ ìdodo mú, tó ń sunkún bó bá fẹ́ tọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kò pẹ́ rárá kó tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

"Ṣé o máa ń tọ̀ nílé-ẹ̀kọ́?"

Adájọ́ wo ògiri. "Kò sí ilẹ̀kùn, mà."

"Kò sí ilẹ̀kùn kẹ̀?"

"Àwọn ọmọkùnrin máa ń wá dúró síwájú. Wọ́n máa ń kọrin."

Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ jáde. Olùkọ́bìnrin kan wà tó máa ń bá wọn dúró níbẹ̀ ní àsìkò ìsinmi, á ṣí agboòrùn rẹ̀ ńlá, á fi dí ẹnu ọ̀nà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Agboòrùn náà ni ilẹ̀kùn wọn. Ọ̀gá Ààbò rí i, ó ní iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni ìjọba gbà á fún, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni nǹkan oṣù Adájọ́ dé bá a nílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan, kò sì sí agboòrùn. Orin tí àwọn ọmọkùnrin kọ lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé, "Mo ti dá ẹjọ́ náà, Màámi. Mi ò lọ mọ́."

Ìyá Ilẹ̀kùn wọ aṣọ tó dára, ó lọ rí ọ̀gá àgbà.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé," ni Ọ̀gá Ààbò wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn, ká lè sọ̀rọ̀ láṣìírí."

Ìyá Ilẹ̀kùn ti ilẹ̀kùn. Ó ṣàlàyé ohun gbogbo, láti orí ibà dé orí orin. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí, ó ń mi orí bí ẹni tó ń ka ìwé tó ti kà rí.

"Mo gbọ́ yín, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Kí ni iṣẹ́ yín?"

"Ẹ mọ iṣẹ́ mi, ọ̀gá."

"Ilẹ̀kùn lẹ ń ṣe. Ẹni tó ń ṣe ilẹ̀kùn kò lè wá sọ fún mi pé ilẹ̀kùn kò pọn dandan. Ọjà lẹ ń wá, mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n ààbò ni tèmi." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa, á ti ṣe gbogbo ìyẹn nílé kó tó jáde."

Ìyá Ilẹ̀kùn dìde. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì rọra tì í lẹ́yìn ara rẹ̀. Bó ṣe délé, ó kó pákó kan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn láìnídìí. Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Adájọ́, kí ló wí?"

"Ó ní mi ò tọ́ ọmọ."

Ọkọ tún gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun ti gbé nǹkan sá, ó sì ti fi àlàfo sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbẹ tán nígbà tí Ọ̀gá Ààbò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ìsọ̀. Ó ń kọ́lé. Ilẹ̀ tó ń kọ́ ọ sí, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló fún wọn. Ìyá àgbà náà sì fẹ́ kó ẹrù wá bá wọn gbé níbẹ̀. Agbẹ̀bí ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń já a ní koro, àgàgà àna rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò dé ti pé tán, àwọn káfíńtà mìíràn sì ti ń pe orúkọ ọ̀gá láti ọjọ́ yìí pé ó máa pẹ́ láyé.

"Ìyá Ilẹ̀kùn," ni ọ̀gá wí, ó ń fọwọ́ ra ilẹ̀kùn kan tó wà níbẹ̀, "gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀yin nìkan lẹ kì í dájọ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ ìjọ́sí."

"Ọ̀rọ̀ wo, ọ̀gá?"

"Ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn."

"Áà," ni Ìyá Ilẹ̀kùn wí. "Èmi ò tilẹ̀ rántí nǹkan kan."

Ní ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀, búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ akunlé sínú agolo.

Ọ̀gá lọ tán, Ìyá Ilẹ̀kùn re òdìkejì òpópónà, ó lọ bá káfíńtà kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Àdánù. Kò sí ẹni tó tíì bá Àdánù dájọ́ tí kò banú jẹ́ rí.

"Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín," ni Ìyá Ilẹ̀kùn wí.

Àdánù wò ó sókè wò ó sódò. "Iṣẹ́ wo ni mo mọ̀ tí o kò mọ̀?"

"Bí ẹ ṣe ń já èèyàn kulẹ̀."

Inú Àdánù dùn débi pé ó nu bẹ́ǹṣì fún un kó jókòó. "Àbúrò mi, àkọ́kọ́ ni pé má sọ ọjọ́. Ẹni tó bá sọ ọjọ́ ti fi okùn sọ́rùn ara rẹ̀. 'Ó kù díẹ̀' ni kí o máa wí. Èkejì, má sá fún un. Bí o bá ti rí i, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ pariwo kí i. Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu ẹ, pọ́líìṣì ni kí o di ẹ̀bi náà rù. Kò sí oníbàárà tó mọ ìgbà tí pọ́líìṣì ń gbẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Láti ọjọ́ yìí, mo ti ń dúró de ẹni tí màá kọ́."

Ìyá Ilẹ̀kùn ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ilé ọ̀gá, ó sì kan gbogbo wọn sẹ́nu ọ̀nà kí ìyá àgbà tó dé. Ti yàrá, ti pálọ̀, ti ilé ìdáná, ti iwájú ilé tó ní gíláàsì. Wọ́n dára. Ẹyọ kan ló kù: ti ilé ìyàgbẹ́, ọ̀kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà, èyí tó dojú kọ ọ̀nà àárín ilé, tó jẹ́ pé ẹni tó ń lọ láti yàrá sí pálọ̀ kò lè ṣàìkọjá níwájú rẹ̀.

"Tìyẹn ńkọ́?" ni ọ̀gá béèrè.

"Ó kù díẹ̀, ọ̀gá."

Ìyá àgbà kó dé. Wọ́n ta kọ́tìnnì kan sẹ́nu ọ̀nà náà. Kọ́tìnnì kì í ṣe ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé pálọ̀, á fò sókè bí ẹni pé ó fẹ́ lọ síbì kan. Ọ̀gá wá sí ìsọ̀. Ìyá Ilẹ̀kùn rí i lókèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa pẹ́ láyé." Ó tún wá. Wọ́n ní pákó tí wọ́n fi ṣe é wọ́ díẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe. Ó tún wá. Wọ́n ní pọ́líìṣì ni.

Ilẹ̀kùn náà ti parí láti ọjọ́ tí gbogbo àwọn yòókù parí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ìsọ̀, ó ń dán bí omi.

"Ìyá Adájọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "èmi ni mo pa pọ́líìṣì yẹn. Ó ti gbẹ. O ń bà mí lórúkọ jẹ́."

"Ẹ farabalẹ̀, Bàbá Adájọ́."

"Mo farabalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Bó bá já ọgbọ́n yìí, ara ọmọ wa ló máa fi gbẹ̀san."

"Ọmọ wo? Èyí tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn méjèèjì lára. Adájọ́ wà nínú ilé, ó ń gbọ́. Ó ti mú oògùn rẹ̀ tán, ara rẹ̀ ti yá, ó sì ń jókòó sẹ́yìn fèrèsé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìwé níwájú rẹ̀, tí kò ṣí ojú ìwé kan sí òmíràn.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni olùkọ́bìnrin alágboòrùn wá kí wọn. Ó kó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ní kíláàsì dání fún ọmọ náà, inú rẹ̀ kò sì dùn.

"Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀," ló wí. "Ọmọ tí kò bá jókòó síbẹ̀ kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì tó kàn. Mo ti bá ọ̀gá sọ ọ́. Ó ní ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ."

"Ó ṣí sílẹ̀ lóòótọ́," ni Ìyá Ilẹ̀kùn wí.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà fi ẹsẹ̀ rìn wá sí ìsọ̀, tòun ti ọ̀pá rẹ̀. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ó dúró lẹ́nu ìsọ̀ bí ẹni tí wọ́n yá ère rẹ̀.

"Ìwọ ni Ìyá Ilẹ̀kùn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó."

"Èmi ò wá jókòó. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ọ̀rọ̀ ibi tí mo ń jókòó sí ló ń dà mí láàmú." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. "Láàárọ̀ àná, mo wà níbẹ̀, jẹ́jẹ́ mi. Wọ́n ṣí fèrèsé pálọ̀. Kọ́tìnnì gbéra. Àna mi ń kọjá lọ, ó gbé ìwé ìròyìn dání. Ṣé o mọ ohun tó ṣe?"

"Rárá, mà."

"Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi."

Akunlé sáré kojú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí kun ibi tó ti kùn tẹ́lẹ̀. Ojú Ìyá Ilẹ̀kùn kò yí padà rárá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé ni."

Ìyá àgbà wò ó. Lẹ́yìn náà ló rí ilẹ̀kùn tó fẹ̀yìn ti ògiri. "Ti ta ni tibẹ̀ yẹn?"

"Tiyín ni, mà."

"Kí ló ń ṣe níbí?"

"Kò tíì gbẹ, mà."

Ìyá àgbà lọ síbẹ̀. Ó fi ìka kan fa ojú ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo ìka rẹ̀, ó sì gbé ìka náà síwájú Ìyá Ilẹ̀kùn kí òun náà wò ó.

"Ọmọ mi, ọwọ́ yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó mọ ohun tó gbẹ, ó mọ ohun tó tutù. Kí ni àna mi fi ṣe ọ́?"

Ìyá Ilẹ̀kùn la ẹnu, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló sọ̀rọ̀. Adájọ́ ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́. Kò sunkún, kò pariwo. Ó sọ ti sìgá, ó sọ ti agboòrùn, ó sọ ti omi tí òun kò mu. Nígbà tó dé ibi orin, ó kọ ọ́. Ẹsẹ̀ kan péré ló kọ, pẹ̀lú ohùn tó rọlẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò kun ògiri mọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń gbọ́ orin náà fún ìgbà àkọ́kọ́, gbé ayùn láti orí bẹ́ǹṣì, ó tún gbé e padà.

"Ọkọ ọmọ mi mọ̀ nípa èyí?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Òun ló ní kí wọ́n tú u, mà. Ó ní ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀kùn ṣe?"

"Níbo ló ti sọ bẹ́ẹ̀?"

"Lórí pèpéle, mà. Àwọn ilẹ̀kùn wa náà ni pèpéle."

Ìyá àgbà mú ọ̀pá rẹ̀. "Aago mélòó ni wọ́n ń pé jọ láàárọ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Ààbò ti gun pèpéle, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ewu tó wà nínú sísáré lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lanà láti ẹ̀yìn. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ̀ láàárín wọn, ọ̀pá ń ró lórí kọnkéré, kò kánjú. Ìyá Ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e, àpótí irinṣẹ́ léjìká, Adájọ́ nínú yúnífọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà dé iwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì ka ohun tó wà lára pèpéle sókè, bí ẹni tó ń ka pátákó ojú ọ̀nà.

"Àwọn. Obìnrin." Ó gbójú sókè. "Bàbá, sọ̀kalẹ̀."

"Màmá," ni ọ̀gá wí, òógùn ti bọ̀ ọ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì."

"Kí lo fẹ́ lọ fi pamọ́ níbẹ̀?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú fún un. Gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ń wò ó, wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, bí wọn kò ṣe dákẹ́ fún un rí. Ọ̀gá Ààbò sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn, ẹnì kan sì béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ọ̀gá ti lọ ni?"

"Màmá," ló tún wí láti ìsàlẹ̀, "ohun ìní ìjọba ni o. Ààbò..."

"Ohun ìní ìjọba ni kó padà síbi tí ìjọba fi í sí. Ìyá Ilẹ̀kùn, ó kù sọ́wọ́ ẹ."

Ìyá Ilẹ̀kùn gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀. Ó lè ṣe iṣẹ́ náà kíákíá. Kò ṣe é kíákíá. Ó yọ ìṣó kan, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú agolo kí ó ró. Ó yọ òmíràn. Ó ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ bá òun di ẹ̀gbẹ́ kan mú, nítorí ààbò, ọ̀gá sì dì í mú, nítorí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Pákó ń já kúrò lára pákó, ilẹ̀kùn ń di ilẹ̀kùn padà níṣojú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́bìnrin alágboòrùn ti ṣí agboòrùn rẹ̀ sórí ìyá àgbà. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó jáde lọ́jọ́ náà, gbogbo ilẹ̀kùn ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, hínjì tuntun, bóòtù ìtìlẹ̀kùn tuntun nínú. Adájọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ìró bóòtù tó wọ ihò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró níta títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó.

"Adájọ́, ṣé kò sí o?"

"Mo ti ṣe tán tipẹ́, Màámi," ni ohùn kan wí láti inú. "Ẹ jẹ́ n jókòó díẹ̀ sí i."

Ìyá Ilẹ̀kùn yíjú sí ìyá àgbà. "Mà, màá gbé tiyín wá nírọ̀lẹ́ yìí."

Ìyá àgbà ro ọ̀rọ̀ náà. "Mo fẹ́ lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ mi kejì," ló wí. "Ilẹ̀kùn wà nílé tiwọn. Má kánjú. Ilẹ̀kùn tó bá tètè jáde, pọ́líìṣì rẹ̀ kì í pẹ́. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa."

Adájọ́ jókòó sí ìdánwò, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń mu omi láàárọ̀, ó sì ti tún dá bàbá rẹ̀ lẹ́bi, lórí ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan náà. Pèpéle kò sí mọ́ nílé-ẹ̀kọ́. Láàárọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í rí ẹnikẹ́ni níwájú. Ohùn kan ni wọ́n ń gbọ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, ohùn náà kì í sì í pẹ́ kó tó dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọ̀gá Ààbò wọ ìsọ̀. Ó ti rù díẹ̀. Àwọn àlejò ìjọba ti wá kí i nílé, ẹni tó ga jù nínú wọn sì béèrè ibi tí òun lè tọ̀ sí.

"Ìyá Ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀gá," ni Ìyá Ilẹ̀kùn pariwo tẹ̀ríntẹ̀rín, "ẹ máa pẹ́ láyé. Orúkọ yín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè tán."

"Ẹ ti gbé ti ilé-ẹ̀kọ́ padà. Mi ò sọ nǹkan kan. Tèmi ńkọ́?" Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn tó fẹ̀yìn ti ògiri. "Ó wà níbẹ̀ yẹn. Mo ń rí i. Ó ti gbẹ."

"Lójú yín ni, ọ̀gá. Bí ẹ bá gbé e báyìí, á lẹ̀ mọ́ férémù, ó lè há mọ́ yín nínú. Ààbò yín ni mo ń rò."

Ọ̀gá wo akunlé. Akunlé mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ìyàwó rẹ̀. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn náà, ó gbé ìka náà sí imú, ó mi orí.

"Ó tutù nini," ló wí.

Adájọ́ wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kò sì gbójú kúrò nínú ìwé. "Ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ló wí.

Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gá ti lọ, Ìyá Ilẹ̀kùn gbé ilẹ̀kùn náà kúrò lára ògiri. Ó tẹ́ ẹ sórí àwọn pákó tó ń gbẹ, ó sì wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ó fi wọ́n ṣe àlàfo sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí atẹ́gùn lè máa gbabẹ̀ kọjá.